Ẹlẹ́rìí Tí Wọ́n Fi Aṣọ Bò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè orúkọ iléèwé tí mò ń bá wí. Àwọn tí mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ lónìí, ìwé ìpẹ̀jọ́ ni wọ́n fi ń kíni kú àárọ̀, bí wọ́n bá sì gbé mi lọ sí kóòtù, àárín wọn náà ni mo ti máa lọ wá lọ́yà. Ẹ ṣáà gbà pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin kan ni, ní yunifásítì kan, nílẹ̀ Yorùbá níbí. Bí ẹnikẹ́ni bá kà á tó ní tiwọn ni, òun ló jẹ́wọ́, kì í ṣe ẹnu mi lẹ ti gbọ́.

Kò sí ẹ̀dá tó mọ kọ̀ǹpútà sọ lẹ́nu tó akẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ẹ dá ọmọ ọdún kẹrin kan dúró níwájú yàrá ìkàwé wọn, kí ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń gba ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde wọlé ní kóòtù. Ó ti tún táì ṣe nìyẹn. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ni yóò rọ́ sílẹ̀ fún yín láìwo ìwé: pé kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń lò déédéé lásìkò tí ọ̀rọ̀ kàn, pé irú ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n máa ń kó sínú ẹ̀rọ náà déédéé, pé ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ti máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, pé ẹni tó wà nídìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ rí. Ó kà á tán, ó ń retí àtẹ́wọ́. Ẹ wá rọra bi í pé, "Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà ní láíbìrì yín yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn... wọ́n tì í pa."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Iléèwé tó ń kọ́ ọmọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń jẹ́rìí, òun gan-an ni kò ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí adájọ́ lè gba ẹ̀rí rẹ̀. Mo ti pinnu láti fi abala 84 yìí dá wọn lẹ́jọ́. Ẹ bá mi jókòó.

Ẹ má ní mi ò ṣàánú wọn o, torí ìkìlọ̀ ti pẹ́. Lọ́dún 1969, nínú ẹjọ́ Esso West Africa àti Oyegbola, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ọ́ pé òfin kò gbọdọ̀ di ojú sí àdììtú kọ̀ǹpútà. Ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà! Àwọn adájọ́ tó jókòó lọ́jọ́ yẹn ríran jìnnà. Àwọn alákòóso yàrá ìkàwé wa náà gbọ́ ìdájọ́ náà, wọ́n sì tẹ̀ lé e, àmọ́ ìdajì ni wọ́n tẹ̀ lé: wọ́n gbà tọkàntọkàn pé àdììtú ni kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ igbó awo ni wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ọ̀gbẹ̀rì kì í wọ̀ ọ́.

Ilẹ̀kùn rẹ̀ dára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Lẹ́tà aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi kọ "E-LIBRARY" sí i lára, wọ́n wá fi àgádágodo méjì tì í. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ Bàbá tó ń mójú tó ẹ̀rọ. Ìkejì wà lọ́wọ́ Màmá tó ń mójú tó Bàbá. Ọjọ́ tí Bàbá bá wá síbi iṣẹ́, Màmá ti lọ fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní Àbújá. Ọjọ́ tí Màmá bá dé, Bàbá ń sin àna rẹ̀. Mi ò tíì rí ọkùnrin tí àna rẹ̀ ń kú tó ti Bàbá yìí, kí Ọlọ́run bá wa dá àwọn tó kù sí. Bí àwọn méjèèjì bá wá ṣèèṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ASUU á ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi yanṣẹ́ lódì. Gbogbo ẹ̀ka yunifásítì ló mọ̀ ọ́n lára, àfi àwọn kọ̀ǹpútà yìí, tí wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan.

Ká ní Ọlọ́run bá yín ṣe é, ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n á ní kí ẹ bọ́ bàtà. Ohun tí ojú yín á kọ́kọ́ rí ni aṣọ: aláwọ̀ ewé, tí wọ́n fún télọ̀ rán, tí wọ́n fi bo àwọn kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́jọdá ni wọ́n wọ̀. Àwọn àga ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé wọn wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà wọ́n, ẹ ó sì máa gbọ́ wọn bí ẹ bá jókòó, ẹ ó máa gbọ́ wọn bí ẹ bá mí. Lára tábìlì, lára ẹ̀rọ, lára agbọ̀n ìdalẹ̀nù pàápàá, ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kọ "TETFund" pẹ̀lú ọdún àti nọ́ńbà. Fún ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ náà ò yé, owó tí ìjọba ń gbà lórí èrè àwọn ilé-iṣẹ́ ni TETFund ń ná sórí àwọn iléèwé ìjọba. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọṣẹ tí ẹ fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí wà lára àwọn tó dáwó ra ẹ̀rọ wọ̀nyẹn. Ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ lọ kí wọn. Ẹ ṣáà má ṣí aṣọ lójú wọn.

Ìgbà kan wà tí ẹgbẹ́jọdá náà ń bọ́ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Òfin tí ìjọba fi òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1962 ló ń sọ ẹ̀ka òfin tí àwọn ọmọ rẹ̀ lè kọjá sí Iléèwé Àwọn Amòfin. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, ọmọ á gba oyè tán, á gbé e kọ́ sára ògiri, á máa wò ó. Yàrá ìkàwé sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò. Ẹ wá wo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀! Bàbá àti Màmá wà lẹ́nu iṣẹ́ pọ̀, àna kankan ò kú. Wọ́n ti kun ògiri, òórùn ọ̀dà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí dáadáa. Pẹpẹ tó ṣófo láti ọjọ́ yìí ti kún fún ìwé. Ẹ ṣí òmíràn, orúkọ adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló wà lójú ewé àkọ́kọ́, òǹtẹ̀ yàrá ìkàwé tí wọ́n lù mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ń yí mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Wọ́n ṣa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ aṣọ wọ̀, wọ́n kó wọn jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fún wọn ní àṣẹ ọjọ́ náà: ẹ má tẹ nǹkan kan o, ẹ ṣáà máa ti máòsì síwá sẹ́yìn.

Àgbà lọ́yà kan láàárín àwọn àlejò wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọdébìnrin kan létí. "Kí lò ń kà lórí rẹ̀, ọmọ mi?"

"Desktop ni, sà."

Àgbà náà gbé ojú sókè wo iná tó ń tàn lórí àjà, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, kà á délẹ̀." Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹgbẹ́jọdá ti padà sọ́rùn, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì sì ti ń fi fóònù bi wọ́n pé níbo ni wọ́n kó ìwé òun lọ.

Ó yá, ilé ẹjọ́ jókòó.

Ohun àkọ́kọ́ tí òfin ń béèrè: ṣé wọ́n ń lo ẹ̀rọ náà déédéé? Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ níbí. Wọ́n ń lò ó. JAMB ń lò ó. Àtọdún 2013 tí JAMB ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, ibi tí kọ̀ǹpútà bá ti pọ̀ ní yunifásítì ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ sí bí àsìkò bá tó. Àwọn ọmọ tí kò tíì wọlé wọ̀nyẹn, àwọn ni wọ́n ń bọ́ aṣọ ẹ̀rọ fún. Jẹnẹrétọ̀ ń dún fún wọn, amúlétutù ń fẹ́ sí wọn lára. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ tẹ́rùn. Bí wọ́n bá wá wọlé tán, tí wọ́n sanwó iléèwé, tí wọ́n gba káàdì ìdánimọ̀, ó parí. Ọ̀pọ̀ amòfin ló wà lónìí tó jẹ́ pé ìgbà tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yunifásítì kẹ́yìn ni ọjọ́ tó ń wá ọ̀nà àtiwọ̀ ọ́.

Ìkejì: irú ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀ déédéé? Ẹ̀rọ Bàbá ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun nìkan ni kì í wọ aṣọ. Ètò ìsìnkú wà níbẹ̀, oríṣiríṣi, ọ̀kan fún àna kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìpè ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó yáwó tí wọn ò tíì dá a padà, orúkọ Bàbá sì wà lókè téńté. Fíìmù Yorùbá kan wà, apá kìn-ín-ní, tí kò ní apá kejì. Ìwé kan ṣoṣo tó jẹ mọ́ òfin nínú gbogbo rẹ̀ ni èsì tí Bàbá kọ sí onílé rẹ̀ tó ní kó kó jáde, tó sì fi pe ara rẹ̀ ní "ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn amòfin".

Ìkẹta ló wá le: ṣé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ? Èyí tó wà nítòsí fèrèsé ń tàn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ lẹ́tà A ti já lójú ibi ìtẹ̀wé rẹ̀, lẹ́tà E náà ti tẹ̀ lé e. Bí A ò bá sí, ẹ ò lè tẹ "plaintiff". Bí E ò bá sí, ẹ ò lè tẹ "defendant". Ẹjọ́ tí ò ní olùpẹ̀jọ́, tí ò ní olùjẹ́jọ́, mo rò pé kí wọ́n túká. Bátìrì kékeré tó ń bá ẹ̀rọ kan náà ka ọjọ́ ti kú, nítorí náà gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tàn án, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January ọdún 2009 ló máa ń jí sí. Ẹ rò ó wò. Nínú ayé tirẹ̀, wọn ò tíì ṣe Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 rárá! Mo fẹ́ fi abala 84 mú un, ó ní òun ò tíì gbọ́ ọ rí. Àwíjàre tó lágbára jùlọ tí mo gbọ́ nínú ọgbà yẹn nìyẹn, ẹ̀rọ ló sì wí i.

Ọ̀rọ̀ iná, mi ò fẹ́ sọ ọ́ jù. Láti April 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A lọ sí ₦225 lórí kílówáàtì kan fún wákàtí kan, àwọn alákòóso yunifásítì ò fẹ́ rí ohunkóhun tó ní wáyà mọ́. Ariwo kan ṣoṣo tí òfin yàrá ìkàwé fàyè gbà ni "Ùùùp NEPA!" Ẹ bá lanu kí ọ̀rẹ́ yín, wọ́n á lé yín jáde. Ṣùgbọ́n bí iná bá dé, Màmá gan-an á pariwo.

Ohun tó ká mi lára jù ni ti páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ mọ̀ pé olóògbé Gani Fawehinmi ló bẹ̀rẹ̀ Nigerian Weekly Law Reports lọ́dún 1985, kí àwọn amòfin má baà máa dúró títí kí wọ́n tó rí ìdájọ́ tuntun kà. Ìwé náà ti kọjá apá 1,500. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bó ṣe wúwo tó, kó bá lọ́yà kan kó ṣáńbà. Lóde òní, LawPavilion àti irú rẹ̀ ti kó ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ àti ti Kótẹ́milọ́rùn sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan, ẹjọ́ á rọ́ jáde. Yàrá ìkàwé wa sanwó fún irú ẹ̀ lóòótọ́. Ẹni kan ṣoṣo ló mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹni náà ti já pa lọ sí Kánádà.

Wọ́n ń pè é lórí WhatsApp. Bí ilẹ̀ bá mọ́ níbí, òru ni lọ́hùn-ún; bí ó bá jí lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ló ń sáré lọ. Ó ní òun á fi í ránṣẹ́. Ohun tó fi ránṣẹ́ ni àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ "Happy Sunday" sí. Ọmọ ọdún kẹta kan fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà gbìyànjú rẹ̀ bóyá òun ni páásíwọ́ọ̀dù, ó kọ lẹ́tà ńlá, ó kọ kékeré. Èmi ò bú u.

Ló bá di pé kí wọ́n padà sídìí ìwé Gani. Ẹ rí apá tí ẹ ń wá, inú yín dùn, ẹ ṣí i débi tí ẹjọ́ yín wà, ojú ewé mẹ́fà ti lọ. Wọ́n fi abẹ́ gé e, gígé tó mọ́ tónítóní. Ẹjọ́ olè ló wà lójú ewé náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló gé e lọ kà fún ìdánwò òfin ìwà ọ̀daràn. Mo gbọ́ pé ó gba A. Bí ẹ bá rí i lórí àga adájọ́ lọ́jọ́ iwájú, ẹ má ṣe gbé ẹjọ́ olè síwájú rẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n jù.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, tábìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n kọ "MAY I HELP YOU?" sí. Àga wà lẹ́yìn tábìlì. Báàgì wà lórí àga. Báàgì yìí kò pa iṣẹ́ jẹ rí. Aago mẹ́jọ ló ń dé, aago mẹ́rin ló ń lọ, bí àwọn ọ̀gá bá sì wá ka orí òṣìṣẹ́, wọ́n á kà á mọ́ wọn. Ọmọ tó bá ní ìbéèrè á bi báàgì, á dúró díẹ̀, á kí i pé "Ẹ ṣé mà," á lọ.

Kí n má jẹ̀bi o, obìnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ pẹpẹ lọ́hùn-ún tí mi ò lè fi ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn olùtọ́jú ìwé òfin wa kàwé òfin, wọ́n tún kàwé ìtọ́jú ìwé lé e, wọ́n ní oyè méjì, síbẹ̀ "Mà, ibo ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà?" ni ìbéèrè tí wọ́n ń gbọ́ jù. Obìnrin yìí wà lára wọn. Ẹ sọ orúkọ ẹjọ́ fún un, á sọ apá tó wà, á sọ àwọ̀ ẹ̀yìn ìwé, á sọ pẹpẹ, á sì sọ orúkọ ẹni tó yá a kẹ́yìn, yàrá tó ń gbé, àti irọ́ tó pa nígbà tí wọ́n ní kó dá a padà. Google ò ní ìkẹyìn yìí. Mo bi í ìdí tí kò fi gba kọ́kọ́rọ́ E-Library sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí àna tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú ni?"

Ṣé ẹ rò pé màá fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ Oníwígì, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín. Funfun lókè, dúdú nísàlẹ̀, ẹ kún yàrá ìkàwé fọ́fọ́. Ta ló ń kàwé? Ihò iná mẹ́rin ló wà lára ògiri. Ẹ ti fi wáyà àsomọ́ra sọ wọ́n di ogójì, gbogbo fóònù, báńkì iná àti fìtílà kékeré tó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ń jẹun níbẹ̀. Ọ̀kan nínú yín gbé ẹ̀rọ ìlọṣọ wá. Ọ̀kan ṣí ìwé ńlá kan, ó ya fọ́tò ara rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó pa á dé, ó gbé fọ́tò sórí Facebook pé "Ọ̀nà mi jìn". Ó ti lo wákàtí méjì lórí àwọn tó ń kí i. Ọmọ ọdún kìn-ín-ní ti kọ "Barr." síwájú orúkọ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òfin kan ṣoṣo tó mọ̀ délẹ̀ ni èyí tó ní kí wọ́n má jẹun ní láíbìrì, òun náà ló sì ń rú u, ẹ wo gààrí lábẹ́ tábìlì.

Ó dalẹ́, ó di TDB, ìwé kíkà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n kó aṣọ ìbora wá, wọ́n kó ìrọ̀rí wá, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago kan òru, ẹni tó jí kù méjì: ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àti ẹfíkò kan tó ti ń ka ìwé kan náà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn rí i yá. Láàárọ̀, wọ́n á na ara, wọ́n á ní, "Mo jáàkì gan-an lánàá."

Mo ní àbúrò kan tó lọ kàwé òfin kún ti tẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ tó ń bí mi nínú. Lọ́hùn-ún, irú LawPavilion tiwọn, Lexis, ti bẹ̀rẹ̀ láti 1973, Westlaw tẹ̀ lé e lọ́dún 1975, àwọn méjèèjì sì ń du akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wọn ní páásíwọ́ọ̀dù, olúkúlùkù ní tirẹ̀. Wọ́n ń pín pisá fún ẹni tó bá wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó bá wá ẹjọ́ lórí rẹ̀, wọ́n á fún un ní máàkì tó lè fi gba ẹ̀bùn. Ẹ má rò pé àánú ni o, Amẹ́ríkà kì í ṣàánú ẹni lọ́fẹ̀ẹ́: wọ́n fẹ́ kó mọ́ ọn lára títí kó fi di lọ́yà, kí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lè wá sanwó gidi. Àmọ́ ẹ fi wé tiwa. Wọ́n ń fi oúnjẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá tẹ kọ̀ǹpútà!

Èyí tí mi ò kọ́kọ́ gbà gbọ́ ni ti ajá. Lọ́dún 2011, yàrá ìkàwé iléèwé òfin Yale bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ajá. Ajá gidi, Monty lorúkọ rẹ̀. Bí ìdánwò bá fẹ́ fọ́ ọmọ lórí, á lọ forúkọ sílẹ̀, wọ́n á gbé ajá náà fún un fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó fọwọ́ pa á lára, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré forúkọ sílẹ̀ fún un. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Oǹdó, ìlú Gani gan-an. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá bi mí pé, "Wọ́n dá a padà?"

Ní tiwa, 404 nìkan ni ọmọ ń rí lójú kọ̀ǹpútà, lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, pé ojú ewé tí ẹ ń wá kò sí. Mo mọ àwọn tí orúkọ yẹn ń mú itọ́ yọ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ajá tí wọ́n ń fi ata sè ni mò ń wí.

Níbo wá ni àwọn ọmọ yìí ti ń ṣe iṣẹ́ wọn? Ẹ kọjá géètì, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ gbogbo iṣẹ́ ayé sí lára: fótókọ́pì, láminéètì, JAMB, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà ìbúra. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ín kò wọ yunifásítì rí, àfi láti lọ gba owó tí wọ́n jẹ ẹ́. Ó ti bá wọn tẹ iṣẹ́ àṣekágbá títí, òfin ti wọ̀ ọ́ lára. Ọmọ ọdún karùn-ún gbé ìwé wá, ó wò ó fìrí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹjọ́ yìí, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti yí i padà. Ẹni tó tẹ̀wé lánàá ló sọ ọ́ nínú orí kẹrin tirẹ̀." Ó bá a yọ ọ́. Ó bá a fi tuntun sí i. Ó gba owó tẹ̀wé nìkan.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù yìí náà sórí ìwọ̀n abala 84. Wọ́n ń lo kọ̀ǹpútà rẹ̀ déédéé? Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ tó ń wọlé sí i déédéé? Òfin, òfin, òfin, àti lẹ́tà ìfẹ́ díẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ? Bí kò bá ṣiṣẹ́, kò ní jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí náà ó ń ṣiṣẹ́. A àti E wà níbẹ̀, wọ́n ń dán. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ohun tí àwọn tó ṣe òfin náà ń wá ló wà lábẹ́ páànù yẹn, níwájú géètì.

Lọ́yà tuntun kan tó ti jáde nínú ọgbà náà gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ láìpẹ́. Ó ní ẹjọ́ kan lọ́wọ́, ó sì fẹ́ tẹ ìròyìn kan jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ fi ṣẹ̀rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ò tíì tẹ̀ ẹ́, ó gbójú sókè. Ó ní, "Lọ́yà, ṣé ẹ rántí Kubor àti Dickson?" Ẹjọ́ ìbò gómìnà Bayelsa ni, èyí tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá lọ́dún 2012. Wọ́n tẹ ìròyìn Punch jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tẹ orúkọ àwọn olùdíje jáde láti ojú òpó INEC, wọ́n kó o wá síwájú adájọ́. Ẹnikẹ́ni ò ta kò ó nígbà tí wọ́n kó o sílẹ̀. Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ dà á nù, torí wọn ò ṣe ohun tí abala 84 ní kí wọ́n ṣe.

Lọ́yà ní òun rántí. Òógùn ti bo imú rẹ̀.

"Ẹ ní láti rí ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, pé kọ̀ǹpútà tó tẹ̀ ẹ́ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣé ẹ fẹ́ lọ gbà á ní láíbìrì yín?"

Àwọn méjèèjì fi ẹ̀rín pa ara wọn. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé oníbọ̀ọ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Ó dáa," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí, ó ti ń wá bírò. "Títẹ̀wé, ₦200. Bíbuwọ́lùwé, ₦5,000. Bí ẹ bá máa pè mí wá sí kóòtù, owó ọkọ̀ wà lọ́tọ̀, oúnjẹ wà lọ́tọ̀, ẹ má sì ní kí n wọ funfun àti dúdú o, lọ́yà, torí bí wọ́n bá rí mi níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, owó tiyín ni wọ́n máa wá san fún mi."